Ohun tí sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì fi ojú mi rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àtúnṣe ATV, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn wọ inú igbó, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín kẹ́ ẹ má bàa fi owó jóná bí mo ṣe fi jóná. Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì inú kílọ́ọ̀ṣì ni, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Kì í ṣe pé ó le o, gbogbo wa la kàn máa ń rò pé a ti mọ̀ ọ́n nígbà tá a ò tíì mọ nǹkan kan, torí ẹnu ẹni tó ṣáájú wa la ti gbọ́ ọ, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbé ATV ẹ̀ wá. Ó ti yọ táyà íǹṣì 25 tó bá a wá, ó ti gbé 27 wọ̀ ọ́, ó ní látìgbà yẹn mọ́tò ọ̀hún ti ya ọ̀lẹ, tó bá ti kan òkè báyìí á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi náà ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n kan pé sípíríǹgì tó bá ti le ni ọ̀gá, mo bá wá èyí tó le jù nínú gbogbo ohun tá a ní nílẹ̀, pupa ni, mo kì í bọ kílọ́ọ̀ṣì iwájú, mo dé e, mo gun mọ́tò, mo tẹná, ló bá fò síwájú bí ẹni tí agbọ́n ta. Àyà mi wú. Mo gba owó iṣẹ́ mi, ó di ó dìgbà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé e padà wá. Ibi tí bàbá yìí ti ń gùn ún, òkúta ni, gbòǹgbò igi ni, ibi téèyàn ti ń rìn bí ìgbín ni, tó ń gun orí òkúta kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó kan òmíì. Mọ́tò ò wá ní kúrò lójú kan mọ́ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá pariwo, nígbà tó bá sì máa kúrò á ta pọ́ún! Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun kọ lu igi. Ọ̀gá mi ló ṣí ìdérí ẹ̀, bóòtì tó kẹ́yìn ò tíì jáde tí òórùn rọ́bà tó jóná ti gba gbogbo ibẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú wà káàkiri inú ẹ̀ bí èéfín àdògán. Wọ́n yọ bẹ́líìtì, wọ́n ń fà á gba àárín ìka wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró lójú ibì kan, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Ojú ibẹ̀ ti tín-ín-rín ju ìyókù lọ, ó ń dán gbinrin bíi dígí. Wọ́n ò bú mi o. Wọ́n kàn ní, "Kí ni sípíríǹgì yìí wá ṣe níbí?" Ẹnu mi wọlẹ̀ ṣin.

Ohun tí wọ́n wá ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà lèmi náà fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wà lára ẹ́ńjìnnì, òun là ń pè ní ti iwájú, ọ̀kan wà lára gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn ti ẹ̀yìn, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní abọ́ méjì tó kojú síra wọn. Iṣẹ́ sípíríǹgì iwájú ni pé kó má jẹ́ káwọn abọ́ yẹn pa dé, wéètì, àwọn irin kéékèèké tó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì iwájú, ló ń bá a jìjàkadì, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí kíákíá ni wéètì ń fẹ́ ta síta, tó ń ti abọ́ pa dé kó lè gbá bẹ́líìtì mú. Sípíríǹgì ẹ̀yìn, òdìkejì ìyẹn ni, òun ń fún bẹ́líìtì mọ́ra ni, kì í fẹ́ kí abọ́ ṣí. Ẹ tún gbọ́ o: ti iwájú ń ṣí i, ti ẹ̀yìn ń pa á dé. Ẹni tí èyí bá ti yé, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò bá sì yé á kàn máa pààrọ̀ nǹkan kiri ni.

Kò sí sípíríǹgì kankan tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì jàre. Ìgbà tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ ló ń yí padà. Tẹ́ ẹ bá ki èyí tó le bọ iwájú, ẹ̀ ń sọ fún mọ́tò pé kó má tíì gbéra àfi tí RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá ti ga. Èyí tó bá mọ́tò bàbá yẹn wá ń gbéra ní nǹkan bíi 1,500, èyí pupa tí mo fi sí i ti kọjá 2,500 kó tó gbéra. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ń yọ́ rìn lórí òkúta, tó ń dúró tó ń gbéra nígbà ogún láàárín wákàtí kan, gbogbo ìgbà tó bá gbéra ni abọ́ tó ń sáré ń gbá bẹ́líìtì tó dúró mú, bẹ́líìtì á yọ̀ kó tó dì í mú, yíyọ̀ yẹn ni iná tó jó o.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí ńkọ́? Ẹ̀ẹ́ rí nǹkan bíi 120/340. Ti àkọ́kọ́ ni agbára tí sípíríǹgì fi ń tì nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì ṣì ṣí sílẹ̀, òun ló ń pinnu ìgbà tí mọ́tò máa gbéra. Ti ìkejì ni agbára tó ní nígbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán pátápátá, ìyẹn máa ń hàn tẹ́ ẹ bá ń sáré tẹ́ ẹ tẹná dé ilẹ̀. Páùn ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n wọ́n. Ṣé ẹ wá rí i pé sípíríǹgì méjì lè ní 120 ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ kí ọ̀kan ní 280 kí ìkejì ní 340, méjèèjì á gbéra bákan náà, àmọ́ èyí tó ní 340 á jẹ́ kí RPM ga jù bẹ́ ẹ bá ṣe ń sáré lọ. Ẹni tó ń gun inú igbó díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni kó kọ́kọ́ wò, kó sì jẹ́ kó kéré.

Ẹ má sì fi àwọ̀ ra sípíríǹgì láyé yín. Pupa ti ilé iṣẹ́ kan lè rọ̀ ju yẹ́lò ti ilé iṣẹ́ míì lọ, oníkálukú ló ń kun tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi mọ̀ ọ́n lónìí, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Ẹ̀yìn gan-an ló yẹ kẹ́ni tó ń gun òkè àti ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èrò tèmi nìyẹn o, àwọn kan á bá mi jiyàn. Tí sípíríǹgì ẹ̀yìn bá rọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì á ti sáré lọ sí gíà ńlá kí ẹ́ńjìnnì tó ṣe tán, ohùn á wá wálẹ̀ wùùù lójú òkè, bẹ́líìtì náà á máa yọ̀ torí kò rí ẹni fún un mú. Tẹ́ ẹ bá fi ìpele kan le sí i, á máa pẹ́ níbi gíà kékeré, tẹ́ ẹ bá tún wá kan òkè lójijì á tètè padà sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé mọ́tò kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kó má le jù náà o! Tó bá le jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, mọ́tò ò ní lè sáré dé ibi tó ń sáré dé tẹ́lẹ̀, fífún tó ń fún bẹ́líìtì náà á sì máa mú un gbóná. Èyí tó tún burú nínú ẹ̀ ni pé sípíríǹgì tí irin ẹ̀ nípọn jù, àwọn ìká ẹ̀ lè pàdé ara wọn kí abọ́ tó ṣí tán, ó parí nìyẹn, mọ́tò ti rí ògiri.

Nígbà tí ọ̀gá mi máa tún ti bàbá yẹn ṣe, wọ́n dá sípíríǹgì tó bá mọ́tò wá padà síwájú. Wọ́n fi ìpele kan péré le sí i lẹ́yìn. Wọ́n wá dín wéètì kù ní gíráàmù díẹ̀, torí táyà tó tóbi ti di ẹrù sí ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, RPM ti wálẹ̀ lábẹ́ ibi tí agbára ẹ̀ wà, wéètì tó bá fúyẹ́ á jẹ́ kó tún ga sókè. Ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi ti fi ète sílẹ̀ mò ń pa làpálàpá. Ohun kan náà lẹ máa ṣe fún ẹni tó ń gun orí òkè gíga, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, torí ẹ́ńjìnnì ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ ní gbogbo mítà 300 tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Wéètì lẹ máa bá ṣeré níbẹ̀, ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀ ná.

Wọ́n tún bi bàbá náà pé gíà wo ló máa ń lò lórí òkúta. Ó ní High, gíà tí wọ́n fi ń sáré. Ọ̀gá mi wo ojú mi, èmi náà wo ilẹ̀, torí mi ò bi í rárá. Ìwé Polaris, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ATV, fúnra wọn sọ ọ́ pé téèyàn bá ń rìn lábẹ́ kílómítà 11 ní wákàtí, Low, gíà tí wọ́n fi ń yọ́ rìn, ni kó wà. Bẹ́líìtì mélòó lèèyàn ò bá ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo gbà là.

Ẹ jẹ́ n fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbé Yamaha kan wá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí n ṣe é kó lè tètè gbéra. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì iwájú, mo wá sípíríǹgì títí, mi ò rí i. Mo rò pé ẹni tó tú u ṣáájú mi ló jí i gbé, mo ti ń pariwo olè lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ATV Yamaha, kò tiẹ̀ sí sípíríǹgì níwájú wọn rárá? Kílọ́ọ̀ṣì míì wà tó ń yí nínú ọ́ìlì, ìyẹn ló ń gbéra, bẹ́líìtì ti wà ní dídì tẹ́lẹ̀. Ti ẹ̀yìn àti wéètì nìkan lẹ lè fọwọ́ kàn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Sípíríǹgì dà".

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ohun tẹ́ ẹ yàn dáa nìyí, kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Ẹ nu abọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ fi máákà fa ìlà kan láti àárín dé etí abọ́ iwájú, ẹ dé e, kí ẹni tó ni mọ́tò gùn ún lójú ọ̀nà tiẹ̀ gan-an, kì í ṣe iwájú ṣọ́ọ̀bù yín. Tẹ́ ẹ bá ṣí i padà, ibi tí bẹ́líìtì dé, máákà á ti pa rẹ́. Tó bá ku ìlà tó pọ̀ létí nígbà tó ní òun ti tẹná tán, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì yẹn le jù, tàbí kí wéètì fúyẹ́ jù. Bó ṣe ń dé, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kàn án o, èyí tó bá gbóná jáì ju ìkejì lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa wá wàhálà yín. Nǹkan kan ṣoṣo sì ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sípíríǹgì méjèèjì àti wéètì lọ́jọ́ kan náà, tó dáa o tó bàjẹ́ o, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣí ti ẹ̀yìn: sípíríǹgì ẹ̀ ti wà ní títẹ̀ nínú ibẹ̀. Ẹ má tú u bí ẹni tú ìdérí ìgò. Ẹ fi irinṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ dì í mú, kẹ́ ẹ máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́gbọọgba, kẹ́ ẹ sì ti fa àmì sára ìdérí àti abọ́ kẹ́ ẹ lè dá a padà síbi tó wà. Àpá tó wà lókè ètè mi yìí, àwọn kan rò pé ìjà ni. Gírísì ò sì gbọ́dọ̀ kan ojú abọ́, tó bá kàn án bẹ́líìtì á yọ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Sípíríǹgì pupa yẹn, mo fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí ọmọkùnrin kan wọlé, ó rí i, ó ní ṣé mo lè tà á fóun. Mo bi í pé níbo ló ti ń gùn, ó ní orí iyanrìn ni, pé eré sísá lòun ń bá àwọn ọ̀rẹ́ òun sá, òun ò kì í yọ́ rìn. Mo ní kó gun mọ́tò ẹ̀ kí n gbọ́ ibi tó ti ń gbéra. Mo yọ sípíríǹgì kúrò lára ìṣó, mo fún un, mi ò gba kọ́bọ̀.