Rírìn Lẹ́bàá Títì Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Títí Dé Ìdí Òkúta Stonehenge

Ojú ọmọ Nàìjíríà ti mọ́ra láti wo òsì kó tó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni mọ́tò tó súnmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ jù lọ ti ń yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ará Kútọnu àti Lomé. Ní Britain, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni mọ́tò ti máa ń dé bá èèyàn. Ẹni tó bá wo òsì, tó rí i pé títì dá, tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ ló kọ sí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré ni, àmọ́ ó tó pa èèyàn.

Àwọn ará London mọ̀ pé ó máa ń ṣe àlejò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀dà funfun kọ LOOK RIGHT sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sọdá. Ẹ máa ka ilẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ bá ti òsì wá nítorí pé títì náà jẹ́ olójú kan, tí gbogbo ọkọ̀ ń kọjú sí ìhà kan ṣoṣo, LOOK LEFT ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ibi tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Kódà lójú títì olójú kan, ẹ wo ìhà méjèèjì, nítorí wọ́n máa ń gba kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì láyè láti kọjú sí àwọn tó kù láwọn ibì kan.

Níbi ìlà funfun àti dúdú tí wọ́n ń pè ní zebra, tí gílóòbù yẹ́lò máa ń tàn lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni tó bá ti tẹ ìlà náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022, Highway Code, ìwé òfin ojú pópó wọn, ti fi kún un pé kí awakọ̀ dúró fún ẹni tó ń dúró láti sọdá níbẹ̀ pẹ̀lú, kó sì fún ẹni tó fẹ́ sọdá ẹnu ọ̀nà tí awakọ̀ fẹ́ yà sí láyè. Mo fọwọ́ sí òfin yìí tọkàntọkàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló ń pa á mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí táyà dúró pátá kí ẹ tó bọ́ sójú títì. Ẹ̀tọ́ kì í tún egungun tó ti ṣẹ́ tò.

Níbi tí iná bá wà, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró. Bí àwòrán ọkùnrin aláwọ̀ ewé bá yọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹni tó ti wà láàárín títì ni kó parí ìrìn rẹ̀. Ẹni tó ṣì wà létí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí àwòrán náà kì í sí ní òdìkejì títì rárá, ara àpótí bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an ló wà, àlejò á sì máa na ọrùn wò ọ̀kánkán, kò ní rí nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpótí náà. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ ó bá irin kékeré kan tó ní ṣóńṣó. Bí iná ẹlẹ́sẹ̀ bá ti di aláwọ̀ ewé, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ ìka. Nítorí àwọn tí ojú wọn kò ríran ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tí oòrùn bá ń ta lójú. Ẹni tó bá sọdá níbi tí iná ò sí ní England, Scotland tàbí Wales kò rú òfin kankan. Motorway ni èèwọ̀. Títì tó bá ní M nínú orúkọ rẹ̀, bíi M3 tàbí A1(M), ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ìgboro dẹrùn. Ibi tí ìgboro parí sí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tó fi owó ṣe irin tó ń yí fún afọ́jú yìí náà ló máa jẹ́ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ́ tónítóní parí láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ ń lọ, ẹ̀ ń lọ, ó di koríko. Lẹ́yìn mítà díẹ̀, koríko náà tán, ó ku ẹ̀yin àti ọgbà igi, ìyẹn igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà sí etí títì, àti mọ́tò.

Ẹ máa ṣọ́ òpó iná. Ní England, níbi tí òpó iná títì bá tò sí tí kò sí àmì mìíràn, 30 máìlì ní wákàtí kan ni eré tí òfin gbà. Ní Wales, 20 ni láti ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Bí òpó iná bá tán, ẹ ó rí àmì róbótó funfun tí ìlà dúdú kan là kọjá ní ìdábùú. Àlejò máa ń rò pé àmì náà ń sọ pé ohun kan parí. Ohun tó ń sọ fún awakọ̀ ni pé ó lè sá 60 máìlì ní wákàtí kan lójú títì tí kò ní ìdènà láàárín ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 97, mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí kọ́ọ̀nà bá wà ní 50 mítà síwájú yín, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì láti ìgbà tí mọ́tò yọ sí ìgbà tó kan yín lára.

Nítorí náà, níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá ọ̀tún ni kí ẹ rìn, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín, ẹ má ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ dùn tó. Bí ẹ bá pọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó jáde ṣe fàájì, òfin yí padà: ẹ gba apá òsì, kí ẹnì kan ṣíwájú, kí ẹnì kan kẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì wọ aṣọ tó ń dán. Bó bá di alẹ́, iná funfun ni ti iwájú, pupa ni ti ẹ̀yìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ti kọ́ọ̀nà. Bí títì bá fẹ́ ṣẹ́ sí ọ̀tún gan-an, tí ẹ sì ń gba apá ọ̀tún, inú kọ́ọ̀nà lẹ wà yẹn. Ọgbà igi ti bò yín, awakọ̀ tó ń bọ̀ náà á sì rọ̀ mọ́ etí títì níbẹ̀, torí apá òsì tirẹ̀ ni. Kò ní rí yín títí á fi dé orí yín. Ẹ sọdá sí apá òsì nígbà tí kọ́ọ̀nà náà ṣì jìnnà, níbi tí ẹ ti lè rí iwájú àti ẹ̀yìn dáadáa. Ẹ fi apá òsì yí kọ́ọ̀nà náà ká, kí ẹ wá padà sí ọ̀tún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹnu kọ́ọ̀nà kí ẹ tó sọdá, torí ibẹ̀ ló burú jù.

Bí ẹ bá gbọ́ ìró mọ́tò, ẹ dúró, ẹ bọ́ sórí koríko, ẹ kọjú sí i, ẹ gbé báàgì sí ìhà ọgbà. Ẹ má tíì gbéra bí ti àkọ́kọ́ bá kọjá. Èkejì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Katakata tó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gba ojú ọ̀nà tán, ẹ wá ẹnu géètì oko kan kí ẹ yà sí. Ẹ na ọwọ́ sókè dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá dẹ eré. Gbogbo wọn níbẹ̀ ló ń ṣe é. Láàárín ọjọ́ 1 oṣù kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, òfin England kò gba àgbẹ̀ láyè láti gé ọgbà igi ẹ̀gbẹ́ oko, àyàfi bó bá ń fa ewu, nítorí ẹyẹ tó ń yé síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀nà tó fẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù fi máa ń há ní oṣù keje, ìgbà tí àlejò pọ̀ jù. Ewé kan tó ń jóni bí èsìsì sì máa ń hù sí ìdí ọgbà náà, nítorí náà ṣòkòtò gígùn ni kí ẹ wọ̀, bí oòrùn tilẹ̀ mú.

Ẹ má fi íyapíìsì sétí. Mọ́tò oníná kò ní ariwo, fìlà ara kóòtù náà a sì máa dí etí àti ojú. Bí òjò bá ń rọ̀, kóòtù òjò sàn ju agbòòrùn lọ, torí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá á fa agbòòrùn lọ sójú títì, ọwọ́ ẹni á sì tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá mú Stonehenge, àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn ará ayé àtijọ́ gbé dúró, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò fẹ́ dé. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo ní London dé Salisbury tó bíi wákàtí kan àtààbọ̀, bọ́ọ̀sì sì ń ti Salisbury lọ sí Amesbury, ìlú tó súnmọ́ òkúta náà. Ẹni tó bá ṣí máàpù orí fóònù ní Amesbury á rí i pé A303 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, kò tó 200 mítà sí i, á sì rò pé kí òun kàn tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Títì ńlá tó ń lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn England ni, tírélà àti ọkọ̀ arìnrìn-àjò kún un, kò sì ní ìdènà láàárín ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ níbi tó ti kọjá lára òkúta. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo awakọ̀ tó bá débẹ̀ ló ń yí orí wo òkúta. Kò sí ẹni tó ń wo ẹlẹ́sẹ̀. Ìjọba ti fẹ́ gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ fún títì náà, àmọ́ wọ́n fagi lé e ní oṣù keje ọdún 2024, nítorí náà bó ṣe wà náà ló wà.

Woodhenge ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní àríwá Amesbury, lẹ́bàá Durrington. Inú ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àpá ibẹ̀ lọ́dún 1925. Òpó kọnkéré kúkúrú ni wọ́n fi dí ojú ibi tí òpó igi ayé àtijọ́ ti dúró. Ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Láti ibẹ̀, ẹ wọ pápá tó wà lábẹ́ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ohun àtijọ́, kí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ó lé díẹ̀ ní máìlì méjì dé ìdí òkúta. Ẹ ra máàpù OS Explorer 130. Ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀ ni ọ̀nà tí gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, orí pápá sì ni máàpù yìí ti yàtọ̀ sí ti fóònù tó kàn ń ti èèyàn sójú títì. Lára òpó, ọfà yẹ́lò jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, aláwọ̀ búlúù jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́, pupa sì túmọ̀ sí pé mọ́tò náà lè gba ibẹ̀.

Inú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn níbí. Ariwo mọ́tò á dín kù. Ẹ ó kọjá lára Cuckoo Stone, òkúta kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ sáàárín koríko, ẹnikẹ́ni sì lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni Cursus, ilẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ kòtò yí ká, tó gùn tó bíi kìlómítà mẹ́ta, tó sì ti wà kí wọ́n tó gbé òkúta ńláńlá Stonehenge dúró. Ẹ fi géètì sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a: bó bá tì, ẹ padà tì í. Bí màlúù bá wà nínú pápá, ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ kọjá, ẹ yà fún wọn gba ọ̀nà tó jìn, ẹ má sì sáré.

Láti Cursus, ẹ tọ Avenue, ọ̀nà àtijọ́ tó gun òkè lọ sí ìdí òkúta. Òkúta náà kì í hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Orí wọn lẹ ó kọ́kọ́ rí, bí ẹ ti ń gòkè ni wọ́n á máa ga sí i. Ẹni tó wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì láti ilé àlejò (visitor centre), níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó wá wo òkúta, tó wà ní bíi máìlì kan àtààbọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, kò lè rí i bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, títì A344 ló gé Avenue yìí sí méjì nítòsí òkúta. Wọ́n tì í pa lọ́dún 2013, wọ́n sì gbin koríko lé ojú rẹ̀. Ká ní wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún títì mìíràn!

Láti ẹ̀yìn wáyà, ẹ ó rí òkúta náà dáadáa láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sanwó á súnmọ́ ọn sí i, àmọ́ okùn á ṣì wà láàárín òun àti òkúta, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Èrò tèmi ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tọ́ sí ẹni tó fẹ́ wo àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n kó sí ilé àlejò náà. Ẹni tó kàn fẹ́ rí òkúta, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà wá ti tó o.

Ẹ má pẹ́ jù níbẹ̀ nígbà òtútù. Ní oṣù kejìlá, kí aago márùn-ún tó lù, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, bẹ́ẹ̀ kóòtù dúdú ló sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ àlejò. Ẹ ra fẹ́ẹ̀sì, aṣọ àwọ̀lékè tí kò lápá, tó ní ìlà fàdákà tó ń dán bí iná mọ́tò bá kàn án. Highway Code sọ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí awakọ̀ rí èèyàn láti ọ̀nà tó jìn ní ìlọ́po mẹ́ta ju aṣọ lásán lọ. Yẹ́lò nìkan kò tó lálẹ́, ìlà tó ń dán yẹn ni kókó. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì náà. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀, 999 tàbí 112 ni kí ẹ pè. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn láti Amesbury kí ẹ tó wọ pápá rárá, pàápàá lọ́jọ́ Sunday tí bọ́ọ̀sì kì í pọ̀. Bó bá ti lọ, ẹ pe takisí, owó yòówù kó gbà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ gba A303 lálẹ́.