Ọdún tí mo fi dúró sílé

Máàkì 231 nínú 400 ni mo gbà nínú JAMB ọdún tó kọjá. Iye tí wọ́n ń wá fún ẹnjiníà níbi tí mo fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n fún mi, mi ò gbà á. Mo pa dà sọ́dọ̀ Màámi n'Íjẹ̀bú-Igbó.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń yan gàrí, èmi jókòó ti ààrò, mò ń ṣe ìṣirò Físíìsì. Gàrí ti ta sí gbogbo ojú ìwé mi. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè tí wọ́n fi ní, "Ọkọ mi, gàrí Ìjẹ̀bú kì í kan lóòjọ́. Wá jẹun."

Omi bọ́ lójú mi, mo sọ pé èéfín ni. Oṣù mẹ́ta ló kù báyìí kí n tún JAMB ṣe. Ẹ bá mi ṣàdúrà.