Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ọmọ kò tíì ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀

Oyún inú mi ti pé ọ̀sẹ̀ 31 báyìí, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ àwúbì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ àhúbì. Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe dórí ìpinnu náà sílẹ̀ kí n tó gbàgbé, nítorí pé nínú oyún mi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo fi falẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mo kọ abẹ́rẹ́ náà nígbà yẹn. N kò kàn lè sọ pé mo gbà, n kò sì lè sọ pé n kò gbà, ọjọ́ sì ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ 28 ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi nínú oyún àkọ́kọ́ ọ̀hún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé mo lóyún ni n kò ti jẹ́ fi oògùn ẹ̀fọ́rí kan ẹnu, mo ń fara da a ni, báwo ni mo ṣe máa wá na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ nígbà tí kò sí ohunkóhun tó ń ṣe mí? Mo rò ó títí ó fi di ọ̀sẹ̀ 38. Ìgbà tí mo gbà á tán, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo bímọ. Lẹ́yìn ìbímọ ni mo tó mọ̀ pé ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara ìyá tó pèsè èròjà tí ń gbógun ti àrùn náà dáadáa, àti pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú kí ó tó lè rí tirẹ̀ gbà. Díẹ̀ ni yóò ti kan ọmọ mi, bí ó bá tilẹ̀ kàn án.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa. Wọ́n gbé e mọ́ra, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wúkọ́ léraléra títí omi fi lé ròrò sí wọn lójú, wọ́n sì ní kí n má ṣèyọnu, pé ikọ́ náà ti wà lára àwọn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ó ti ń lọ. N kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo tan iná fóònù mi, mo da aṣọ bò ó kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà pọ̀ jù, mo wá ń wo àyà ọmọ bí ó ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ìkókó rí mọ̀ pé wọ́n máa ń dá èémí dúró díẹ̀ lójú oorun, kí wọ́n tó tún mí. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi sún mọ́ ihò imú rẹ̀, màá sì máa retí atẹ́gùn kékeré tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ṣe báyìí. Ikọ́ kankan kò mú ọmọ náà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òru wọ̀nyẹn ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi ara mi látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń bi ara mi nínú oyún ni pé, kí ni abẹ́rẹ́ yìí lè ṣe sí mi? Ohun tí ó yẹ kí n bi ara mi ni pé, kí ni ọmọ yìí yóò gbára lé láti ọjọ́ tí ó bá dé ayé títí di ọjọ́ tí òun náà yóò lè gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí oyún kejì dé, mo jókòó ti ọ̀rọ̀ àrùn náà fúnra rẹ̀. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Bordetella pertussis ni ó ń fà á. Jules Bordet àti Octave Gengou ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1906. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn irun tín-ín-rín tó wà nínú ọ̀nà èémí, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa tu májèlé rẹ̀ jáde. Bí ọ̀fìnkìn lásán ni ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ní in fura, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àsìkò ọ̀fìnkìn yẹn gan-an ni ó ń kó o ran àwọn ẹlòmíràn jù. Ikọ́ náà lè wà lára àgbàlagbà fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, débi pé àwọn kan ń pè é ní ikọ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ yóò wúkọ́ léraléra láìrí ààyè mí, yóò wá fa èémí sínú pẹ̀lú ariwo, yóò sì bì.

Ti ìkókó yàtọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù lọ. Ìkókó lè máà ní agbára láti fa èémí aláriwo yẹn rárá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè máà wúkọ́ tó bí ènìyàn ṣe rò. Ohun tí yóò kàn ṣẹlẹ̀ ni pé èémí rẹ̀ yóò dáwọ́ dúró, ètè àti ojú rẹ̀ yóò sì yí àwọ̀ padà. Oògùn apakòkòrò wà fún àrùn náà, ó sì ń dín bí ó ṣe ń ràn kù, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ikọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ oògùn mọ́, torí pé májèlé ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ná.

Ẹ wá wo àlàfo tí mo ń sọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ìgbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ní ti ikọ́ àwúbì nínú. Ní àwọn ibòmíràn, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹyọ kan kò sì tó, ó ń fẹ́ èkejì àti ẹ̀kẹta kí ọwọ́ tó tẹ ààbò tó péye. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun tí ó wà lára ọmọ kò ju èyí tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti inú ibi ọmọ lọ, ìkẹyìn oyún sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń kọjá. Ìyá tó gba abẹ́rẹ́ ní kékeré kò ní nǹkan púpọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ mọ́, nítorí pé àjẹsára ikọ́ yìí máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ìdí nìyí tí èyí tí mo gbà nínú oyún àkọ́kọ́ kò fi lè dúró fún ti èyí. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀.

Ní ọdún 2012, ikọ́ náà jà gan-an ní England, ọmọ ọwọ́ 14 ni ó sì pa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aboyún ní abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ń dènà nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àrùn náà. Ọ̀sẹ̀ 28 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gbà pé kí aboyún lè gbà á láti ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀sẹ̀ 27 sí 36 ni Amẹ́ríkà mú ní tiwọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó jẹ́ ìdá kejì tàbí ìdá kẹta nínú ìdá mẹ́ta tí wọ́n pín oyún sí, kí ó sì ku ọjọ́ 15 ó kéré tán kí ọmọ tó dé. Mo ka èyí tó kẹ́yìn yìí, mo rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án tèmi.

Ọ̀rọ̀ ewu ni ó dá mi dúró nígbà àkọ́kọ́, n kò sì fẹ́ fò ó. Kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú abẹ́rẹ́ náà. Àwọn ègé kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, nítorí náà kò lè kó ikọ́ náà ran ìyá tàbí ọmọ. Wọ́n tọpasẹ̀ àwọn aboyún tó tó 20,000 tó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì rí i pé bíbí òkú ọmọ pọ̀ sí i láàrin wọn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé kí apá dunni, kí ojú abẹ́rẹ́ wú díẹ̀, kí ó rẹni, tàbí kí ara gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹni tí abẹ́rẹ́ irú èyí ti bá jà gidigidi rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gba òmíràn.

Mo tún ka ohun kan tí ó mú mi rò jinlẹ̀, pé ara ọmọ tí ìyá rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ yìí lè máà fi bẹ́ẹ̀ dáhùn sí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó bí ti ọmọ mìíràn. N kò gbé e pamọ́, mo bi agbẹ̀bí mi. Inú mi dùn pé wọn kò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Wọ́n ní òótọ́ ni, pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń lo abẹ́rẹ́ náà fún aboyún láti ọdún pípẹ́ ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú méjèèjì, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ dáwọ́ dúró, nítorí pé àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ikọ́ náà ń pa ọmọ jù. Mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣebí o ti gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì?” Ọ̀pọ̀ aboyún ló ń rò bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún aboyún lè jẹ́ ti tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan, ó lè ní ti dífítéríà, àrùn ọ̀nà ọ̀fun kan, mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ aláwẹ́ mẹ́ta, tí ti ikọ́ àwúbì fi wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn jọra lójú. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé kí ni ó wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ gún fún yín, ìbéèrè náà kò le.

Ọjọ́ tí mo gba tèmi, ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù nu apá òsì mi, wọ́n ní kí n jẹ́ kó rọ̀, àbẹ̀bẹ̀ kò tíì yí mélòó kan tí wọ́n fi ní ó ti tán. Ọmọ inú mi ta mí nípàá bí mo ṣe ń wọ aṣọ mi padà. Apá náà dùn mí dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, lẹ́yìn náà ó lọ.

Ọkọ mi àti ìyá mi ti lọ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tiwọn náà, nítorí pé àwọn ni yóò máa gbé ọmọ jù. Ní ti àlejò, mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe yóò dúró ná kó tó wá kí wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá ní, “Ṣé ti ọjọ́sí yẹn ni o kò sùn sí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.