Kí Hellfire Tó Jáde

Ẹni tó bá rí Apache, hẹlikọ́pítà ogun Amẹ́ríkà, lójú kọ̀ǹpútà mi, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Báwo lẹ ṣe ń yìnbọn rẹ̀?" Yíyìn ló kéré jù níbẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ kí ọwọ́ tó dé ibi tí a ti ń yìn ín, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn simulator yìí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé wíwa ọkọ̀ òfurufú, ju eré kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lọ.

DCS World ni orúkọ simulator tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ń lò, Apache AH-64D tó jáde síbẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2022 la sì ń wà. Èmi wà ní London, òun wà ní Birmingham, íntánẹ́ẹ̀tì ló kó wa sínú hẹlikọ́pítà kan náà. Èmi ń wà á láti ìjókòó ẹ̀yìn. Òun wà níwájú, torí iwájú ni ayìnbọn ń jókòó sí nínú Apache. Okun ni wá, ọmọ Kàbbà. Tolulope Arotile, ọmọ Iffe ní Ìjùmú, obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sí àbúrò mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún 24 péré ni nígbà tó kú lóṣù keje ọdún 2020. Ikú náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara.

Ìbọn abẹ́ imú rẹ̀, oní-mìlímítà 30, la fi bẹ̀rẹ̀. Akoto ló lè máa darí rẹ̀: ibi tí ojú bá wò ni ẹnu ìbọn ń kọ sí. Ọta mẹ́wàá mẹ́wàá la máa ń yìn, ká lè rí ibi tó bà ká tó tún un ṣe. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì gba ẹni méjì. Àbúrò mi á fi awò mú ibi tí a fẹ́ bà, àmì kan tó rí bíi lẹ́tà I á sì yọ síwájú ojú mi. Èmi á máa yí imú hẹlikọ́pítà títí á fi ṣe déédéé.

Ṣùgbọ́n Hellfire, mísáìlì tí Apache fi ń ba táǹkì jẹ́, gan-an ni ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí à ń lò, lésà ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Lésà àti mísáìlì ní láti jọ gba nọ́ńbà mẹ́rin kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mísáìlì kò ní dá lésà wa mọ̀. Bọ́tìnnì lésà náà ní ìpele méjì: tí o bá rọra tẹ̀ ẹ́, á wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó, tí o bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, á dúró lé ibi tí mísáìlì máa lọ. Àpótí onígun mẹ́rin kan á wà lójú ẹ̀rọ. Bí ìlà rẹ̀ bá ṣì gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò tíì tó láti yìn. Ibẹ̀ ni màá ti máa gbọ́ ọ létí:

"Bùọ̀dá, ẹ yí i sọ́tùn-ún díẹ̀. Ó kù díẹ̀ sí i. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Mò ń dúró ni o. Nílé, ta ní máa pàṣẹ fún mi báyẹn? Ìlà á pé, á yìn ín. Ní kìlómítà 5, ó máa ń lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó dé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí lésà. Èmi náà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn òkè, torí bí òkè bá dí lésà, mísáìlì ti ṣòfò nìyẹn. Lóru ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1991, Hellfire ni àwọn Apache Amẹ́ríkà fi ba ibùdó rádà Iraq jẹ́ láti ṣí ọ̀nà fún ogun òfurufú. Látìgbà tí a ti ń di lésà mú lórí máàpù Nevada ni mo ti mọyì ìfarabalẹ̀ àwọn tó jókòó níwájú lóru yẹn.

Èmi ni mo ń to ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́, mo sì máa ń fi ọkọ̀ aráàlú sáàárín àwọn táǹkì. Lálẹ́ àná, ohun gbogbo ti pé, àpótí ti pé, lésà ti wà lórí táǹkì. Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀.

"Bùọ̀dá, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

A fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì ṣe iṣẹ́ ayìnbọn tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a máa pààrọ̀ ìjókòó, kí òun náà lè mọ bó ṣe ń rí láti mú hẹlikọ́pítà dúró sójú kan fún ẹni tó wà níwájú.