Ohun tí lọ́jíìkì kọ́ mi nípa ìpinnu ṣíṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ẹ bá wọ yunifásítì, ọ̀pọ̀ yín ni yóò ka lọ́jíìkì sí kọ́ọ̀sì GST (kọ́ọ̀sì àpapọ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́) tí à ń há sórí kí a ṣáà lè yege. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ríronú bó ti tọ́, ni ó kọ́ mi láti máa wá ohun tí ó lè já èrò mi nírọ́ kí n tó wá èyí tí yóò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wo ìbéèrè tí Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Káàdì mẹ́rin wà nílẹ̀, a sì ń rí E, K, 4 àti 7 lójú wọn. Lẹ́tà wà ní ojú kan káàdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà ní ojú kejì. Òfin náà ni pé bí fáwẹ̀lì bá wà ní ojú kan, nọ́ńbà tí ó ṣeé pín sí méjì ni yóò wà ní ojú kejì. Èwo ni ó yẹ kí a ṣí wò kí a lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a mú E àti 4. Ṣùgbọ́n 4 kò lè ba òfin náà jẹ́, ohun yòówù kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. E àti 7 ni ìdáhùn, nítorí pé bí fáwẹ̀lì bá lè wà lẹ́yìn 7, òfin náà ti fọ́ nìyẹn.

Ìpinnu tí ó kan ẹlòmíràn tún le ju èyí lọ, nítorí pé káàdì kì í ronú. Ní 1950, Merrill Flood àti Melvin Dresher gbé ìdánwò kan kalẹ̀ ní RAND, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Albert Tucker, onímọ̀ ìṣirò, sì sọ ọ́ di ìtàn afurasí méjì tí ọlọ́pàá tì mọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bí àwọn méjèèjì bá panu mọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́wọ́ tí èkejì dákẹ́, ẹni tí ó jẹ́wọ́ yóò lọ sílé, ẹni tí ó dákẹ́ yóò lo ọdún 10. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́wọ́, ọdún 5 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun yòówù kí èkejì ṣe, jíjẹ́wọ́ ni yóò dín ẹ̀wọ̀n ẹni kù. Àwọn méjèèjì ronú bó ti tọ́, síbẹ̀ ọdún 5 ni wọ́n lò dípò ọdún 1. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ó jinlẹ̀ tó èyí nínú gbogbo kọ́ọ̀sì náà.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ní kí àwọn méjèèjì yìí pàdé. Robert Axelrod, onímọ̀ nípa ìṣèlú, yí ìyẹn padà nígbà tí ó pe àwọn onímọ̀ láti fi ètò kọ̀ǹpútà díje nínú irú ìdánwò yìí, tí ètò kọ̀ọ̀kan ń pàdé òmíràn léraléra. Ètò Anatol Rapoport, tí ó kúrú jù lọ, ni ó borí: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ (bí ìgbà tí afurasí bá panu mọ́), lẹ́yìn náà ohun tí ẹnìkejì bá ṣe kẹ́yìn ni òun náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí olùkọ́ ń fún yín: ẹni tí ó bá sá fún iṣẹ́ lè rí ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ẹ jọ máa lò, àwọn yòókù yóò sì rántí.

Nígbà tí ẹ bá gba ìbéèrè ìpinnu, ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sílẹ̀, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, àti iye ìgbà tí wọn yóò tún pàdé. Ẹ ya àtẹ tí yóò fi èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ sì kọ èrè ẹnìkejì sínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ tiyín, nítorí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò dáadáa tí ó sì gba òdo, torí pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ni ó kọ sí àyè ẹnìkejì.