Àyẹ̀wò ọdún: kí olùdarí tó gbé ọ̀pá sókè

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1808, nílùú Vienna, Beethoven tó ń kọ orin kíláásíkà gbé ẹrù tó ju agbára lọ sórí pèpéle Theater an der Wien. Síńfónì (orin gígùn fún ẹgbẹ́ ńlá) Karùn-ún àti Kẹfà, kọnsẹ́tò (orin tí ohun èlò kan ti ń ṣíwájú ẹgbẹ́) pìánò Kẹrin, àwọn apá kan nínú Máàsì rẹ̀ ní C, ìyẹn orin ìsìn, àti Choral Fantasy tó pa pìánò, akọrin àti ẹgbẹ́ ohun èlò pọ̀, gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó gbà tó wákàtí 4. Gbọ̀ngàn tutù nini, ìdánrawò kò tó, ètò mìíràn sì wà nínú ìlú lálẹ́ ọjọ́ náà tó ti kó lára àwọn òṣèré tó pegedé lọ. Choral Fantasy ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Wọ́n dúró, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé ní igba ọdún, àwa tí ń ṣètò orin kíláásíkà nínú ìlú ńlá ṣì ń já sínú kòtò yẹn. Bí a ti ń ṣírò ọdún tó ń lọ yìí, níbi tí ètò ti fọ́, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé òṣèré kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí olùdarí ẹgbẹ́ olórin tó gbé ọ̀pá sókè ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọjọ́. Ìlú tí eré bá pọ̀ sí, òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn ń rọ́ lù, ìparí ọdún ló sì burú jù. Ọ̀pọ̀ olùṣètò ló máa ń kọ́kọ́ lọ bá onígbọ̀ngàn; ìgbà tí wọ́n bá sanwó tán ni wọ́n tó ń wá òṣèré. Ẹ yí i padà. Àwọn tó ń ta fáyólìn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọn oboe àti bassoon, àwọn fèrè onígi, kò pọ̀. Ẹnì kan náà ni ẹgbẹ́ mẹ́ta ń dù. Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tó bá ṣì ku oṣù 6, kí ẹ sì fi ọjọ́ tiwọn gba gbọ̀ngàn. Bí kò bá sí oboe, kò sí ọjọ́.

Gígùn ètò rọrùn láti tún ṣe, ojúkòkòrò ni kì í jẹ́ ká gé e. Ìdá kìíní ìṣẹ́jú 45, ìsinmi 20, ìdá kejì 45: ó tó. Ẹ má sì ka ìṣẹ́jú orin nìkan. Ìpàtẹ́wọ́, ìwọlé, gbígbé àga síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ lè jẹ ìṣẹ́jú 10. Síńfónì Kẹsàn-án Beethoven nìkan ń gbà tó ìṣẹ́jú 65 sí 70. Ẹni tó bá tún fi kọnsẹ́tò ṣíwájú rẹ̀, aago ni èrò á máa wò. Bí pìánò ńlá bá wà, ìdá kìíní ni kí ó wà, kí ẹ lè fi àsìkò ìsinmi tì í kúrò.

Ti ìdánrawò: orin tó ń lo òṣèré tó pọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí àwọn tó bá parí máa lọ. Nínú Síńfónì Karùn-ún, trombone (fèrè idẹ) mẹ́ta, piccolo (fèrè kékeré) àti contrabassoon (bassoon ńlá) kì í dún rárá àfi ní ìpín kẹrin. Ẹ fi ìpín kẹrin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí kan jókòó lásán máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún pè é.

Ibi tó dùn wá jù ni ti ohùn tí kò bára mu, torí ẹ̀bi rẹ̀ kì í sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni lórí pèpéle. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ìró ń yára sí i nínú fèrè, ohùn fèrè á sì gòkè. Okùn fáyólìn ní tiẹ̀ á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ooru kan náà, ọ̀nà méjì. Àlàfo tó kéré jù lórí pìánò ni wọ́n pín sí sẹ́ǹtì 100. 1°C kan péré ń gbé fèrè sókè ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 3. Bí gbọ̀ngàn bá fi 5°C gbóná ju ìgbà tí wọ́n yí ohùn bára mu lọ, fèrè ti lọ sẹ́ǹtì 15, fáyólìn sì ti forí lé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ orin rí pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù lọ́sàn-án láti dín owó iná kù, ìgbà tí èrò bá ń wọlé ni wọ́n á tó tàn án. Láti àárọ̀ ni kí ẹ ti tàn án, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí pìánò.

Pìánò ló le jù, torí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe láàárín orin. Okùn bíi 230 ló wà nínú rẹ̀. Pákó abẹ́ okùn ń mu ọ̀rinrin, ó ń wú, ó ń fa okùn le, ohùn àárín á sì gòkè. Ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe nílò wákàtí 2 kí gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́: kò sí ẹni tó ń to àga, kò sí ẹni tó ń pariwo “hẹ́lò, hẹ́lò” sínú makirofóònù. Ẹ gbé pìánò dé àyè rẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná pèpéle tàn fún wákàtí kan, kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró di ìgbà ìsinmi. Ìwọ̀n ISO, àjọ tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àgbáyé, fi A, ohùn tí ẹgbẹ́ fi ń yí ohun èlò bára mu, sí 440 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Yúróòpù ń lo 442 tàbí 443. Ẹ bi ẹni tó ń tún ohùn pìánò ṣe pé mélòó ló fi sí, kí ẹ lẹ iye náà mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn òṣèré. Oboe ló máa ń fún gbogbo ẹgbẹ́ ní A, àmọ́ níbi tí pìánò bá wà, oboe náà á gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Gbọ̀ngàn náà ní ohùn tirẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ kà á bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Fún ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá olóhun èlò, nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2 ló dára. Gbọ̀ngàn Musikverein ti Vienna àti Symphony Hall ti Boston kò jìnnà sí iye yẹn nígbà tí èrò bá kún. Níbi tí kápẹ́ẹ̀tì bá pọ̀, ọ̀rọ̀ á já gaara, fáyólìn á gbẹ. Ẹ ká ti orí pèpéle kúrò. Ara èèyàn àti aṣọ wọn náà ń mu ohùn, nítorí náà olùdarí tó bá dín ìyára orin kù torí ohun tó gbọ́ nínú àga òfìfo á kábàámọ̀ rẹ̀ lálẹ́. (Aṣọ tún ń gba àyè: ní Dublin lọ́dún 1742, kí Messiah, orin ẹgbẹ́ akọrin ti Handel, tó jáde, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó ní òrùka ńlá nínú tó ń mú un fẹ̀ wá, kí ọkùnrin sì fi idà sílé.)

Fún ọdún tó ń bọ̀, ohun tí a ó rà kò pọ̀: tẹ̀mómítà kan fún orí pèpéle, àti pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjìlá kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí ìwé orin. Ìpè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọn oboe ló ń lọ.