Wọ́n Ní Ojú Ni Mo Fi Ń Bú Èèyàn

"Kì í la ẹnu. Ojú ló fi ń bú èèyàn."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń po tíì ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. N kò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ ẹni tó lè sọ irú ẹ̀. Mo bu omi gbígbóná mi, mo padà sí kántà, mo ń pe orúkọ àwọn aláìsàn lọ. Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí, gbólóhùn yẹn ni mò ń jẹ lẹ́nu bí orógbó.

Ọjọ́ òní fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà kan lọ títí. Òjò rọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ dí Mókọ́lá pa, iná lọ, iná dé, káàdì àwọn kan sọnù, a sì rí i. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó tán.

Ojú mi wá ńkọ́? Nígbà tí mo délé, mo dúró níwájú dígí, mo ní kí n wo ojú tí wọ́n ń wí. Mo fajú ro. Mo tú u ká. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tún dákẹ́. Ojú bàbá mi ni. Ìpéǹpéjú wa máa ń sọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, etí ẹnu wa náà sì máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ bí a kò bá rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fi ojú yìí ṣe káfíńtà títí wọ́n fi darúgbó, ẹnì kankan kò sọ pé wọ́n fi ń bú oníbàárà. Àbí ọkùnrin ni wọ́n ni? Ọkùnrin tó bá fajú ro, wọ́n á ní ó ń ronú. Ẹ jẹ́ n má tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ohun mìíràn tún ni pé awò ojú mi ti gbó. Bí mo bá fẹ́ ka orúkọ tí dókítà kọ wúruwùru sí ara fáìlì, àfi kí n fún ojú pọ̀. Ẹni tó bá wà lódì kejì kántà lásìkò yẹn á rò pé òun ni mò ń fi ojú tín-ín-rín wò. Ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn fún lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni wọ́n pa. Ilé tí wọ́n ti ń fi ojú sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Bí a bá tẹ̀lé ìyá mi lọ sílé ẹlòmíràn tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ojú wọn ni a máa kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú, "Ẹ ṣé mà, a ti yó," bí ebi tilẹ̀ ń pa wá kú. Bí wọ́n bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká gbà á, ká dúpẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kà, ilé ló ti máa gbọ́ ìyókù. A kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá ṣàlàyé fún wa pé ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn wo ni, kó mọ́ ni lójú, kó ranjú mọ́ ni, kó sì fi ìdí ojú wo ni. Nílé tí a ń gbé nígbà yẹn, mo rí i tí ayálégbé méjì jà títí wọ́n fi pe onílé. Onílé bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló sọ sí ọ? Ìyẹn ní kò sọ nǹkan kan, ó yínmú ni. Gbogbo ilé mi orí, wọ́n gbà pé ẹjọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ojú mi ti dáhùn kí n tó mọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi kọ́ ni mo máa fi jẹ́jọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà tún fi gún mi ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tí wọ́n mú wá kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé báwo la ṣe ń bá aláìsàn tó le sọ̀rọ̀. Ó kọ 7, 38 àti 55 sára ògiri. Ó ní nínú gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ, ìdá 7 nínú 100 péré ni ọ̀rọ̀ ẹnu, 38 ni ohùn, 55 ni ojú àti ara. Gbogbo wa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rò ó pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ará Ṣáínà tó bá kọjá níbi tí ìyá méjì ti ń tahùn síra wọn ní Gbági á gbọ́ ìdá 93 nínú ìjà náà. Ó dára, yóò kúkú mọ̀ pé ìjà ni. Kò kàn ní mọ̀ pé owó àjọ ló fà á.

Mo wá a lórí fóònù. Albert Mehrabian ni ọkùnrin tó ni nọ́ńbà náà, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ọdún 1967. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, wọ́n ń yí ohùn padà, wọ́n ń fi àwòrán ojú kún un, wọ́n wá ń bi àwọn èèyàn bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Oníkóòtù wa kò dé ibẹ̀.

Ó tún ní ká máa wo aláìsàn nínú ẹyinjú kí wọ́n lè fọkàn tán wa. Ó dáa. Mo wo Màmá Ọ̀gá, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa, nínú ẹyinjú, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi lo ranjú mọ́ báyìí?" Mo wolẹ̀ fún arákùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó ní ó jọ pé nǹkan kan wà tí mò ń fi pa mọ́ nínú ìwé owó wọn. Ní báyìí, orí gèlè ni mò ń wò fún àwọn ìyá, mo sì ń wo kọ́là ẹ̀wù fún àwọn bàbá.

Mo tún ka èyí kí iná tó lọ. Ní 2006, Bond àti DePaulo kó àbájáde ìwádìí tó lé ní 200 jọ lórí bí èèyàn ṣe ń fi ojú àti ìṣesí mọ̀ pé ẹnì kan ń parọ́. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 54 ni à ń gbà nínú 100. Ẹni tó bá ń ju kọ́bọ̀ sókè á gba 50. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, nítorí ẹni tó ní ojú mi ń búni. Lẹ́yìn náà inú mi kò dùn mọ́, nítorí èmi náà ń ka ojú èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì dá ara mi lójú gan-an ni.

Ẹ wo Màmá Ọ̀gá fúnra wọn. Gbogbo wa la ti ka ìwé wọn tán: wọ́n fẹ́ràn ìjà, ọ̀gá tíṣà tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n rò pé ọmọ kíláàsì ni wá. Lónìí mo ní, "Màmá, a ń wá fáìlì yín." Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i kẹ̀? Ta ló gbé e?" Ẹnì kejì mi ní kántà yíjú sí mi, ó ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Màmá rí i. Ilé gbóná.

Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ojú tó wà lọ́kàn mi lónìí, mo ń wò wọ́n. Wọn kì í wo ẹyinjú mi rárá. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Bí mo bá yí ọrùn wo sẹ́ẹ̀fù tí fáìlì wà, tí mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ pé, "Kí lo wí?" pẹ̀lú ohùn ìjà. Wọ́n máa ń fi ìhà ọ̀tún wá síwájú, wọ́n á tẹ orí bọ ibi ihò róbótó tó wà lára gíláàsì tí wọ́n fi dí kántà nígbà Kòrónà ní 2020, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ. A ti máa ń sọ pé ṣe ni wọ́n ń yọjú wo ohun tí a ń kọ. Bí ẹnì kejì mi bá sì gbé ohùn sókè fún wọn, wọ́n á ní, "Kí lò ń pariwo lé mi lórí sí?" Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun kò gbọ́!

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa láìdárúkọ Màmá. Ó ní àwọn ìró wínníwínní bíi s, f àti t ló kọ́kọ́ ń sá fún etí àgbà, pé wọ́n á gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, wọn kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ariwo kì í tún un ṣe, torí ohùn kékeré kò ní wọlé, ohùn ńlá á sì dé lójijì á dun etí. Àjọ ìlera àgbáyé náà ní ó lé ní ìdá 25 nínú 100 àwọn tó ti kọjá 60 ọdún tí etí wọn ti dín kù débi tó ń ni wọ́n lára. Màmá ti kọjá 60 dáadáa.

Bàbá Àdùkẹ́ ní ṣé mo ti wá di dókítà etí ni. Mo dákẹ́ fún un. (Ó ní ojú tí mo fi wò ó yẹn ńkọ́.)

Ó sì lè jẹ́ pé etí wọn dá ṣáṣá, ìjà ni wọ́n kàn fẹ́ràn. Àwọn tó fẹ́ràn ìjà wà, mo bá ọ̀kan tan. Gbogbo ohun tí mo rí lónìí yìí náà, ojú ni mo fi kà á, a sì ti sọ pé 54 ni.

Bíbéèrè ló kù, ibẹ̀ gan-an ló sì ti le. "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, Màmá?" Wọ́n á ní ṣé adití ni wọ́n ni. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo etí yín." Níwájú gbogbo èrò? Rárá o. Ẹni tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ yẹn bú ní kíláàsì nígbà kan kì í gbàgbé, àwọn náà á sì ti fi bú ọmọ ẹlòmíràn rí lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bóyá kí n di ẹrù náà ru gíláàsì: "Màmá, nǹkan yìí kì í jẹ́ kí ohùn mi jáde. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí." Ìyẹn ò bu ẹnikẹ́ni kù. Wọ́n á jókòó, màá kọjú sí wọn, màá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, màá fi fáìlì sílẹ̀ títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Dókítà ni kó fọgbọ́n dá ọ̀rọ̀ etí sílẹ̀ nínú yàrá tiwọn. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán ló di í.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn sì rèé, títì ni wọ́n ń tì í, wọ́n ní aláìsàn kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Ọwọ́ àkáǹtáǹtì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi àti òun kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú yẹn, àmọ́ màá lọ bá a láàárọ̀ ọ̀la kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.